Ewé Ló Kọ́kọ́ Gba Agbo: Ìtàn Ọ̀ṣọ́ Ayẹyẹ ní Òwu-Ìsin àti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Kí kánópì tó di ohun tí à ń yá, kí àga oníke tó gbòde, àtíbàbà ni wọ́n fi ń gba àlejò ní Òwu-Ìsin, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Bí ìnáwó bá ku ọ̀la, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ òkú àgbà, ì báà jẹ́ ìwúyè, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin agboolé á ti gba oko lọ ní kùtùkùtù. Àwọn kan á wá igi tó pẹ̀ka méjì lórí, èyí tí wọ́n máa fi ṣe òpó. Àwọn kan á gé ọparun. Àwọn tó mọ igbà lò á gun ọ̀pẹ, wọ́n á máa gé imọ̀ jù sílẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa wọ́ ọ lọ sílé. Kí oòrùn tó wọ̀, òpó ti dúró, ọparun ti dábùú, imọ̀ ti bò ó ní ìpele-ìpele, òórùn ewé tútù sì ti gba gbogbo ojúde. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ kò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá nǹkan máa ṣẹlẹ̀ nílé náà lọ́la.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń fi ọgbọ́n ọwọ́ hàn jù. Imọ̀ méjì tó gùn dọ́gba ni wọ́n á rì mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á tẹ orí wọn pàdé lókè, wọ́n á fi okùn so ó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá á wá mú àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ara imọ̀ náà, á máa fi ọ̀kan kọ́ èkejì bí ẹni ń dirun, títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi di híhun láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so, tòun ti òdòdó rẹ̀ ńlá tó dorí kodò, á dúró ti imọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fúláwà wá wọ ìlú, wọ́n ń já òun náà, wọ́n ń ki í bọ àárín híhun. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, imọ̀ á ti pọ́n, á ti gbẹ. Wọ́n á tú u palẹ̀, àwọn ìyá á sì rí ohun tí wọ́n máa fi dáná.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí yẹ ní ohun tí à ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ òde lóde òní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fáàsì àti tábìlì, bí ẹni pé ojúde òfìfo ni àwọn baba wa ń ṣe ayẹyẹ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ewé ló wà níbẹ̀. Ó ní òfin, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wọlé.

Ọdún 1996 ni Òwu-Ìsin di olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, nígbà tí wọ́n gé ìjọba ìbílẹ̀ náà kúrò lára Ìrẹ́pọ̀dùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán. Ìsánlú-Ìsin, Ìjárá-Ìsin, Ìwó-Ìsin, Òkè-Onígbìn àti Ẹ̀dìdì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn ni gbogbo àgbègbè yìí wà. Ọ̀pẹ wà létí odò àti nínú àfonífojì. Níbi tí ilẹ̀ ti ga, tó ti gbẹ, igi òrí àti igi ìrú ló pọ̀. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, á dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, á tún padà títí di oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ á dé. Iṣẹ́ oko á dínkù, owó irè á wọlé, ayẹyẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn.

Kì í ṣe pé òdòdó wọ́n nílẹ̀ yìí. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni igi ìrú máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí roboto, ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti ara ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, àdán ló sì máa ń wá lá oje dídùn inú rẹ̀ lóru, tí á sì máa gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti igi dé igi. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ igi ìrú tó tanná yóò gbà pé kò sí fúláwà òkèèrè tó fi ẹwà jù ú lọ. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ òdòdó ìrú wálé fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ìdí rẹ̀ kò ju pé òdòdó yẹn ni ìrú ọdún náà. Ẹni tó bá já a, ọbẹ̀ ló já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣápá: apá tí àlejò máa pè ní òdòdó lára rẹ̀ ni àwọn ìyá ń já sínú igbá, èyí funfun fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, èyí pupa fún sóbò. Òdòdó dé ibi àsè ní tòótọ́, àmọ́ inú ìkòkò ló gbà dé ibẹ̀.

Òdòdó kan tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé fún wíwò lásán ni ìtànná-pa-òṣó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibí ló ti hù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, nígbà tí àwọn ará oko ń darí bọ̀, á sì padé nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì bá mú. Nígbà mìíràn, orí igi kan ṣoṣo ni pupa, funfun àti yẹ́lò máa ń jọ wà. Òdòdó tó ń là nírọ̀lẹ́, tó ń padé láàárọ̀, kò wúlò fún ayẹyẹ ọ̀sán. Ojú ọ̀nà ilé ló dúró sí.

Nínú gbogbo ewé ọ̀ṣọ́, màrìwò ló gba iwájú. Ewé ọ̀pẹ tí kò tíì là ni, àárín gbùngbùn orí ọ̀pẹ ló ti ń yọ, ó le, ó dúró ṣánṣán, ó funfun díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀. Ẹni tó máa gé e gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àdá ń dé, torí ọkàn kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ní. Bí àdá bá bà á, ọ̀pẹ náà á kú. Bí màrìwò bá délẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á fi èékánná tàbí ọ̀bẹ là á sí tínrín-tínrín, wọ́n á so ó mọ́ okùn gígùn kan, á sì máa rọ̀ wálẹ̀ jìgìnnì. Atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti mú un dún. Ẹnu ọ̀nà igbó ìgbàlẹ̀ àti ojúbọ Ògún ni wọ́n ti sábà máa ń so ó kọ́. Ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ ti lókìkí, mọ iyì rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ṣèèṣì yà sí. Ó ṣe ibẹ̀ lẹ́wà, ó sì pààlà sí i.

Pèrègún náà mọ iṣẹ́ ààlà. Òun ni wọ́n ń gbìn sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ìyá, òun náà ni wọ́n ń gbìn yí ojúbọ ká. Ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán, ó sì lè wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrọ. Kì í tanná lemọ́lemọ́, àmọ́ bó bá tanná, òdòdó funfun rẹ̀ máa ń ta sánsán lóru débi pé àwọn tó ń sùn nínú ilé á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àṣà ewé yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Ní àwọn ilé òrìṣà Candomblé ní Salvador, ní Bahia, màrìwò ṣì ń rọ̀ lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé títí dòní, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é kò jìnnà sí tiwa: mariô. Pierre Verger, ará Faransé tó ń ya fọ́tò, tó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tó sì gba orúkọ Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ nípa ewé jọ láàárín Yorùbá. Ìwé rẹ̀ tó pe àkọlé rẹ̀ ní Ewé jáde ní Bràsíìlì ní 1995, ó sì kú lóṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Salvador kan náà, lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún, àwọn èèyàn máa ń kún etíkun Rio Vermelho, wọ́n á kó òdòdó sínú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá, àwọn apẹja á sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sójú òkun fún Yemọja. Òdòdó gbígé tí àwa nílé kò fi bẹ́ẹ̀ lò fún òrìṣà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókèèrè ti mú un mọ́ ewé, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tiwọn pátápátá.

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí bí àwọn ará ìgbàanì ṣe ń ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ kò ní láti rìn jìnnà sí Òwu-Ìsin. Èsìẹ́ wà nítòsí, níbi tí ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti pọ̀ jọ sójú kan. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, ọ̀gá tó ń yẹ iléẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, rí wọn tó sì jẹ́ kí ayé ìta gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n láti ayébáyé. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn ère náà jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó gbẹ́ ère òkúta wọ̀nyẹn fi gbogbo ọkàn ṣe ni irun dídì, fìlà, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: ìlà irun kan kò jọ èkejì, a sì lè ka ìpele ìlẹ̀kẹ̀ lára òmíràn. Láti ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí bí wọ́n ṣe pín ọ̀ṣọ́. Irun àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ti ara, aṣọ ni ti ara. Ti ibi tí wọ́n ti ń péjọ ni ewé.

Ewé náà sì ni àwo. Kò sí tábìlì níbi àsè àtijọ́, ẹní ni wọ́n ń tẹ́. Ẹ̀kọ wà nínú ewé, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà nínú ewé, obì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlejò wà nínú ewé tútù kó má bàa gbẹ. Ewé eéran ló níyì jù nínú wọn, torí ó fẹ̀, ó rọ̀, kì í sì í ya. Inú igbó tó ní ìbòòji ló ti ń hù, òdòdó rẹ̀ àti èso rẹ̀ pupa kò sì ga ju ilẹ̀ lọ. Ní 1855 ni W. F. Daniell, oníṣègùn ará Bìrìtìkó, kọ̀wé nípa èso náà fún àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní thaumatin láti ara ohun tó bo kóró rẹ̀, èyí tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì. Gbogbo ìyẹn wà nísàlẹ̀ ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Bí ó bá wá kan títo nǹkan kí ojú lè rí i kó sì wú u lórí, ẹrù ìdána ni Yorùbá fi ń fakọ yọ. Obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀, iṣu, ẹja àti aṣọ: wọ́n á tò ó sínú igbá, wọ́n á fi ọmọrí igbá dé e, àwọn obìnrin ilé á sì rù ú tẹ̀ lé ara wọn wọ ojúde ìyàwó. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọn kò ní í fi wúre. Bí wọ́n bá ṣí igbá atare, àdúrà ọmọ ni. Bí wọ́n bá ṣí ti oyin, àdúrà adùn ni. Ẹni tó bá ń wò ó mọ̀ pé wọ́n yan àwọ̀, wọ́n yan ìtóbi, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kó wà níwájú àti ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn. Tábìlì aláràbarà tí à ń rí níbi ìdána lónìí, tí wọ́n ti fi rìbọ́nù di iṣu, tí wọ́n sì ti to èso sínú apẹ̀rẹ̀, ọmọ igbá yìí ni.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ewé àtijọ́ àti ọ̀ṣọ́ òyìnbó ti kọ́kọ́ fojú kanjú dáadáa, lásìkò ìkórè. Ní 1843, Robert Stephen Hawker, àlùfáà Áńgílíkà ní Morwenstow, abúlé kan létí òkun ní Cornwall, pe àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sí ìsìn ìdúpẹ́ fún ìkórè. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti ràn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1843 kan náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá sílẹ̀ Yorùbá nígbà tó yá gbé àṣà ìkórè dání, àwọn tó sì gbà á mọ ọdún iṣu tuntun tẹ́lẹ̀, kò ṣòro fún wọn láti lóye rẹ̀. Dípò ọkà àlìkámà àti ápù, iṣu ni wọ́n tò síwájú pẹpẹ, pẹ̀lú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ìrèké tó dúró ti òpó, àgbàdo tí wọ́n so ní ṣírí-ṣírí. Imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n mọ̀ ọ́n hun fún àtíbàbà, wọ́n gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò yí padà rárá. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á lu ọ̀ṣọ́ náà ní gbànjo níta: iṣu tó ti wà lójú pẹpẹ láàárọ̀ á bá ẹni tó san owó jù lọ sílé. Àtàwọn ọmọ CMS àtàwọn ọmọ ECWA, tí iléẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù wọn wà ní Ìgbàjà títí dòní, ni wọ́n mọ ìdùnnú yìí.

Àwọn ọmọdé náà ní tiwọn. Bí Kérésì bá kù díẹ̀, wọ́n á fi imọ̀ kọ́ àgọ́ kékeré sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á gé pépà aláwọ̀ mèremère, wọ́n á fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á fi yí i ká.

Ìdílé Mùsùlùmí kò yà kúrò nínú àṣà imọ̀ yìí. Ní Ìgbómìnà, kò ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀gbọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àbúrò máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, inú agboolé kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìnáwó. Ọjọ́ wọlímátì, nígbà tí ọmọ bá parí Kùránì, wàláà tí wọ́n kùn lọ́dà ni ọmọ náà máa ń gbé dání, abẹ́ àtíbàbà kan náà ló sì máa ń jókòó sí. Imọ̀ ọ̀pẹ kò béèrè ẹ̀sìn ẹnì kankan.

Fúláwà gangan, èyí tí wọ́n gbìn nítorí ojú, ọ̀nà méjì ló gbà wọlé. Ní 1887 ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ọ̀gbìn ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ní Èkó. Irúgbìn tó lè mówó wá ni wọ́n fi síwájú, àmọ́ ọgbà ìjọba àti ọgbà míṣọ́ọ̀nù ni igi ọ̀ṣọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè náà gbà tàn kálẹ̀: flamboyant láti Madagáskà, croton láti àwọn erékùṣù Éṣíà, bougainvillea àti allamanda láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kejì, èyí tó dé Òwu-Ìsin àti àwọn ìlú tó yí i ká, ni iléẹ̀kọ́. Àwọn tíṣà máa ń fẹ́ kí ọgbà iléẹ̀kọ́ rẹwà kí ọ̀gá ayẹ̀wéwò tó dé, irú Ramshaw tó lọ sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á fi ẹfun kùn ún, wọ́n á kọ ebè fúláwà, wọ́n á sì máa pọnmi rin ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Croton, hibiscus àti bougainvillea kò nílò irúgbìn; ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́, tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, ti tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti iléẹ̀kọ́ bọ́ sí ilé tíṣà, láti ilé tíṣà dé ilé àwọn òbí.

Nínú wọn, bougainvillea ló bá ojú ọjọ́ Ìgbómìnà mu jù. Ní 1767 ni Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko tó bá ọkọ̀ ojú omi Louis-Antoine de Bougainville rìn, rí i nítòsí Rio de Janeiro, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ pè é. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú un tanná, òjò púpọ̀ ló ń mú un hu ewé. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú gbogbo nǹkan rọ, tí ayẹyẹ sì ń lọ lọ́tùn-ún lósì, òun ló ń yọ lórí ògiri ilé pẹ̀lú àwọ̀ elésè àlùkò rẹ̀. Ẹni tó bá já a, tó wò ó dáadáa, yóò rí nǹkan kan. Abala mẹ́ta tó ní àwọ̀, tó fẹ́lẹ́, ni gbogbo ayé ń pè ní òdòdó, àmọ́ iṣan ewé wà lára wọn kedere. Òdòdó gangan ni àwọn kékeré funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó wà láàárín, tí ojú kì í sábà rí. Ewé ni ẹwà bougainvillea.

Fáàsì orí tábìlì wọ ilé láti pálọ̀. Ẹni tó bá ti ní pálọ̀, àga onítìmùtìmù àti tábìlì àárín, aṣọ kúróṣè ló máa tẹ́ lé e, fáàsì ló sì máa gbé kà á. Hibiscus kò wúlò fún un, torí òdòdó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ, yálà ó wà nínú omi tàbí kò sí. Ixora máa ń gbìyànjú ọjọ́ mélòó kan, croton lè lo ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ìyá ilé tó mọ èyí tó ń pẹ́ àti èyí tí kì í pẹ́ dáadáa, fúláwà oníke ti dé. Ní 1950 ni Li Ka-shing dá iléeṣẹ́ oníke tó pè ní Cheung Kong sílẹ̀ ní Hong Kong. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, fúláwà oníke ti sọ ọ́ di olówó, ọjà Hong Kong sì ti ń ya lọ sí ilẹ̀ gbogbo. Ní pálọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, rósì oníke dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, lẹ́yìn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ bí ọdún bá ń sún mọ́, wọ́n ń sá a sóòrùn.

Lásìkò tí ike ń gba ayé, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó yẹ kó kàn wá. Constance Spry, obìnrin tó ṣí ṣọ́ọ̀bù òdòdó rẹ̀ ní 1929, ti mú àwọn olówó ibẹ̀ mọ̀ pé ewé ẹ̀fọ́, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ẹ̀ka èso igbó lè wà nínú fáàsì pẹ̀lú òdòdó tó wọ́n jù lọ. Òun ni wọ́n pè láti bójú tó òdòdó nígbà tí wọ́n fi Elizabeth Kejì jọba ní 1953. Ohun tí wọ́n kà sí ìgboyà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé kéèyàn yí ojú sí ewé tó wà lẹ́yìnkùlé dípò kó ná owó sórí òdòdó ọjà, àwọn tó ń hun imọ̀ ní Ìsin ti ń ṣe é láìpè é ní nǹkan kan. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ pé àkókò tí ayé ìta ń kọ́ láti fẹ́ràn ewé ni àwa bẹ̀rẹ̀ sí í tijú rẹ̀.

Kánópì ló pa àtíbàbà. Wákàtí kan ni wọ́n fi ń gbé e dúró, kò sí gígun ọ̀pẹ, kò sí wíwá ọparun, òjò kì í sì í jò wọ abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá àwọn olóde lẹ́bi. Àmọ́ iṣẹ́ tí gbogbo ọ̀dọ́ agboolé ń pawọ́ pọ̀ ṣe di ohun tí ẹnì kan ń sanwó fún, ẹni tó mọ̀ ọ́n hun ẹnu ọ̀nà kò sì rí ọmọ tó máa kọ́. Lẹ́yìn kánópì ni aṣọ sátíìnì dé, lẹ́yìn sátíìnì ni bàlúùnù, lẹ́yìn bàlúùnù ni ògiri ewé oníke tí ìyàwó àti ọkọ ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Ewé oníke yẹn, àwòrán ewé tútù ni wọ́n fi ṣe é.

Ibi kan wà tí ike kò tíì wọ̀, ìyẹn orí ẹni tó ń joyè. Kò sí bí gbọ̀ngàn ṣe lè dára tó, ewé akòko tútù ni ọba máa ń fi sí fìlà tàbí orí olóyè tuntun, láti ibẹ̀ ni oyè sì ti múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìsin, bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń wá ewé náà dé ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi èèyàn joyè. Akòko rọrùn láti gbìn: ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ọgbà lè ta gbòǹgbò, kó di igi. Bó bá dàgbà, òdòdó rẹ̀ máa ń yọ lókè téńté, ó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, ó fẹ́ jọ pupa, ó sì rẹwà gan-an.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ òde ní Èkó àti Ìbàdàn ti ń padà sí ewé tútù báyìí, wọ́n ń to ewé ọ̀pẹ àti pèrègún sáàárín òdòdó tí wọ́n rà. Òwu-Ìsin kò ní láti rà á. Lóṣù Kejìlá, nígbà tí òjò ti lọ pátápátá, bougainvillea wà lórí ògiri, croton wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà iléẹ̀kọ́, pèrègún wà nípẹ̀kun ilẹ̀, ọ̀pẹ wà létí odò. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí wọ́n gé e, kí oòrùn tó mú; kí wọ́n já ewé tó máa wọnú omi kúrò lára igi rẹ̀, kí wọ́n sì pa omi dà ní ojoojúmọ́. Bougainvillea máa ń rọ kíákíá bí wọ́n bá gé e láìfi í sómi, nítorí náà inú korobá omi ni kó bọ́ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òdòdó kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, oleander oníyẹ́lò, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀ bí wọ́n bá gé e. Wọ́n máa ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká torí pé ẹran kì í jẹ ẹ́, òdòdó rẹ̀ sì lẹ́wà. Májèlé ni, láti gbòǹgbò dé kóró, ọkàn èèyàn ló máa ń bá jà. Kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì tí oúnjẹ wà.